Etí Tí N Kò Tètè Gbé Lọ fún Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, torí yín ni mo ṣe mú bírò. Sàlámátù ọmọ mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, ibì kan ni mo ti ń fò sí òmíràn. Òótọ́ ló sọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tún ẹ̀rọ ìlọkà ṣe ní Ouagadougou, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tíì yé mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Múráínà ni orúkọ mi. Bàbá mi wá láti Ẹjìgbò, ó ń ta aṣọ. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mọ̀sí tó ni ìlú, àdúgbò Samandin ni wọ́n bí i sí. Mo lọ sí ilé ìwé Faransé títí ìṣirò fi lé mi jáde. Ni bàbá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Búráímọ̀ ní àdúgbò Cissin. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ ní kúkúrú, wọ́n ṣe àdúà, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀rọ ìlọkà, kó rìn yí àdúgbò ká láàárọ̀. Yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n tò pẹ̀lú abọ́ jéró, wọ́n fẹ́ lọ̀ ọ́ kí wọ́n lè fi ro òkà tí a ń pè ní tô. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń mu epo gásọ́ọ̀lì wà lápá kan, ọlọ irin wà lápá kejì, bẹ́líìtì gígùn ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá dúró tì í nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ẹnu ara yín tó ń mì, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Inú ariwo yẹn ni a ti ń wá ariwo mìíràn.

Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ní ọ̀pá irin kan tó gùn tó apá. Á fi orí kan ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, á fi orí kejì ti egungun ìdí etí rẹ̀, á sì dijú. Tó bá lajú, á ní, "Bíárìn ẹ̀yìn ni. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì." Bíárìn ni irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ máa yí geere. Tó bá fẹ́ bàjẹ́, igbe tín-ín-rín kan ló kọ́kọ́ máa ń ké, ọjọ́ ti máa ń lọ kó tó wá pa ariwo tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ igbe tín-ín-rín yẹn ni Ọ̀gá ń pè ní mẹkaníìkì, àwọn yòókù, ó ní olùfọ-irin ni wọ́n.

Ó di ọdún kẹta kí n tó gbọ́ ọ. Ọjọ́ náà, mo gbé ọ̀pá sétí, mo dijú, mo gbọ́ ohun kan tó ń ké tín-ín-rín lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn, ara mi bù máṣọ. Mo kígbe pé, "Ọ̀gá, iwájú ni!" Ọ̀gá gba ọ̀pá, ó gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ sọ fún ìyá ẹ pé o ti ní etí." Mo sáré láti Cissin dé Samandin láti lọ sọ fún un.

Ọ̀gá Búráímọ̀ le. Òfin méjì ló fi ń na wá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ méjèèjì dáadáa, torí àwọn ló ba ayé mi jẹ́. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di etí. Lọ́jọ́ kan tí orí ń fọ́ mi, mo ki òwú bọ etí. Ọ̀gá rí i, ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ òwú náà lójú àwọn oníbàárà. Ó ní, "Ohun tí o fi ń jẹun lo ń dí pa yẹn."

Òfin kejì ni pé a kì í bi Ọ̀gá pé kí ló wí. Ó kórìíra kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá pàṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a kò gbọ́, a máa mi orí bí ẹni tó gbọ́ ni, a ó wá máa wo ojú ara wa láti mọ ohun tó sọ. Bí ó bá ń wo apá ibi tí irinṣẹ́ wà, a ó gbé irinṣẹ́ wá. Mo mọ orí í mì ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, òfin méjèèjì ni mo gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, n kò yọ ọ̀kan kúrò.

Kí Ọ̀gá tó kú, ó máa ń bínú sí wa pé a ń kùn sínú bí obìnrin tí wọ́n gbé ìyàwó kejì lé lórí. A ní ogbó ló dé. A kò ronú kan etí, torí etí Ọ̀gá, ta ni yóò rò ó?

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Àwọn ẹ̀rọ tí mo bá nílẹ̀ ní ọ̀pá tí a fi ń yí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbéra, tí ọwọ́ ẹ bá ṣì í, ó lè ṣẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ Ṣáínà dé, wọ́n fúyẹ́, wọ́n ń sáré jù, ariwo wọn ń gún ni létí. Iná mànàmáná wá dé ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìlọkà oníná kalẹ̀. Tìjání, àgbà nínú àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé, tó ti ní ìyàwó àti ọmọ, wá ra nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń nà sí bíárìn, tó máa fi bó ṣe gbóná tó hàn. Mo fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Ẹni tí kò ní etí ló ń lo ojú." Tìjání rẹ́rìn-ín, ó ní, "Patron, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n máa fi ran ara mi lọ́wọ́." Ó dára sí mi bí àbúrò, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè gbé wọn sí. Àwọn ẹyẹ tó máa ń dà mí láàmú lórí igi máńgòrò ilé wa kò pariwo mọ́. Mo gbà pé eruku ló lé wọn lọ. Mo lọ bá ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, mo ní kó máa jẹun dáadáa kó tó pe ìrun, ohùn rẹ̀ ti ń lọ. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Màríámù ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìdí iná, n kò dáhùn, ó ní mo ti ní obìnrin níta. Èmi náà ní òun ló ń sọ̀rọ̀ sínú kó lè rí mi bá jà. A ja ìjà yẹn tó oṣù mélòó kan. Ariwo àti ìdún ńlá ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ wọn kedere, nítorí náà kò sí ohun tó lè mú mi rò pé etí mi ti ń ṣe nǹkan kan.

Ó wá di ọ̀rọ̀ Tánti Àwá.

Tánti Àwá ló ni ẹ̀rọ ìlọkà kan ní Samandin, kò jìnnà sí ilé tí wọ́n ti bí ìyá mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èmi àti Tìjání lọ tún un ṣe. Nígbà tí a parí, a tan ẹ̀rọ, mo gbé ọ̀pá sétí, mo dijú. Ó dún mọ́ mi, ó ń lọ geere. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é. A kó irinṣẹ́, a lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú bí ogún obìnrin tó wà lórí ìlà, bíárìn iwájú há, kò yí mọ́, ọ̀pá ẹ̀rọ ṣẹ́, bẹ́líìtì já, ó sì na Tánti Àwá lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n méjì nínú ìka ọwọ́ náà kò ká mọ́ títí di òní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ ọkà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà wa ní Cissin. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní ní àgbàlá Alájì tó jẹ́ olórí wa, wọ́n pè wá. Wọ́n bi mí, mo ní ẹ̀rọ kò sunkún létí mi. Wọ́n bi Tìjání.

Tìjání ní, "Mo sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ, èmi na ohun tèmi sí bíárìn iwájú, ó ti gbóná jù. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá òsì, mo ní, 'Ọ̀gá, bíárìn iwájú kò dára o, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó lò ó.' Wọ́n mi orí sí mi. Mo rò pé a máa padà wá lọ́jọ́ kejì."

Mo ní, "Èmi? Èmi mi orí?"

"Ẹ mi orí, Ọ̀gá."

"Tìjání, irọ́ lo pa. O kò bá mi sọ nǹkan kan."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Patron, wallahi, mo sọ ọ́."

Inú bí mi gan-an. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi, pé ó rí i pé bíárìn gbóná, kò sọ, ó wá ń wá ibi tó máa dà á lé. Mo ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra níwájú gbogbo wọn pé Tìjání kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún mi lọ́jọ́ náà.

Kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ gbọ́ lẹ́yìn tí ọ̀gá ti búra. Tìjání kò rí ẹni gbé ẹ̀rọ fún un mọ́. Kò sí ìlọkà kan ní Ouagadougou tí wọn kò ti pe orúkọ rẹ̀ ní ẹni tó rí ewu tó dákẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti lọ sí Pissy, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́wọ́. Mo ní ó tọ́ sí i.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún sí i kí n tó dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Sàlámátù fà mí lọ wo etí. Bó ṣe rí ni pé ọmọ ọmọ mi ń pè mí láti ẹ̀yìn, moto ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, n kò gbọ́ ọmọ, n kò gbọ́ fèrè moto. Moto kò gbá mi, ṣùgbọ́n Sàlámátù sunkún lójú títì. Ó ní, "Papa, on va là-bas demain, a máa lọ wo etí yín lọ́la, d'accord? Mi ò bá yín jiyàn."

Mo fàáké kọ́rí títí di àárọ̀. Mo ní etí tí mo fi jẹun láti kékeré, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́? Ṣùgbọ́n Màríámù náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀, mo bá tẹ̀lé e.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n fi mí sí, ògiri rẹ̀ ní kànrìnkàn tó nípọn. Dókítà etí náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń bá mi sọ Mooré, èdè ìyá mi, fi ìbòtí sí mi létí, ó fún mi ní bọ́tìnnì. Ó ní, "Tonton, bàbá mi, bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo di bọ́tìnnì mú, mo dijú bí mo ṣe máa ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo gbọ́ díẹ̀ létí ọ̀tún, mo tẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dúró títí ó fi sú mi. Mo lajú, mo ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ti òsì ni?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Tonton, mo ti parí ẹ̀."

Ó fi ìwé kan hàn mí, ìlà méjì wà lórí rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ bí ọ̀nà tó ń lọ sódò. Ó ní ohùn ńlá ṣì ń wọlé sí mi, àwọn ohùn tín-ín-rín ni kò sí mọ́, ti òsì ló sì burú jù. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ṣe, mo sọ fún un. Ó ní, "Ìwé àyẹ̀wò yín ti tẹ́lẹ̀ dà?"

Mo ní, "Èwo ni ti tẹ́lẹ̀?"

"Ti ọdún tó kọjá, tàbí ti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo, ọdọọdún ló yẹ kó máa wò ó. Mo lè sọ bí etí yín ṣe rí lónìí. N kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀."

Ibẹ̀ ni orí mi ti dà rú, kò sì tíì tò títí di òní. Apá òsì ni Tìjání ní òun dúró sí. Ohùn tín-ín-rín ni bíárìn ń ké. Mo fẹ́ kí dókítà náà sọ fún mi pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, etí mi ṣì pé. Mo fẹ́ kó sọ pé kò pé, kí n lè mọ̀. Kò lè sọ ọ̀kankan, nítorí kò sí ìwé. N kò gbé etí mi fún ẹnikẹ́ni wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré tí mò ń fi sétí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí àgbàlá, àwọn ẹyẹ kún orí igi máńgòrò. Mo bi Màríámù pé ìgbà wo ni wọ́n padà. Ó ní, "Ṣé wọ́n lọ síbì kan ni?" Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún.

Ọdọọdún ni mò ń lọ báyìí. Kí n sọ òótọ́, ìdí tí mo fi ń lọ nígbà náà ni pé mò ń wá àwíjàre. Mo rò pé bí ìlà yẹn bá jábọ́ gan-an lọ́dún kejì, á jẹ́ pé etí mi ń yára kú, á sì lè jẹ́ pé ó pé nígbà ọ̀rọ̀ Tánti Àwá. Ọdún kejì dé, ìlà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ọdún kẹta, bákan náà. Dókítà to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nínú ariwo, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ mọ́. Inú ariwo ló ti lọ, Tonton, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún." Mo ní ṣé ó lè búra. Ó ní òun kì í búra lórí ohun tí òun kò wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo gun alùpùpù lọ sí Pissy.

Tìjání ti hewú. Ó jókòó sínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa òkúta, lábẹ́ àpò tí wọ́n ta fún ìbòòji, ó ń fi òòlù fọ́ òkúta, ìyàwó rẹ̀ ń kó èyí tó ti fọ́ sínú abọ́. Ó rí mi, ó kí mi. Ó ṣì pè mí ní Ọ̀gá. Mo yọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú ọ̀rá, mo na wọn sí i, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Kò gbà wọ́n.

Ó ní, "Nítorí náà, ẹ gbà báyìí pé mo sọ ọ́?"

Ibi tó ṣòro nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Ìbá rọrùn kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti wá ọjọ́ náà káàkiri inú orí mi, n kò rí ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Tìjání, n kò mọ̀. N kò lè purọ́ fún ọ nígbà kejì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò ní etí tó yẹ kí n fi búra, mo sì búra."

Ó fọ́ òkúta méjì sí i kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún mi níbí. Ibi tí ẹ ti sọ tàkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a pàdé ní àgbàlá Alájì. Àwọn méjì nínú àwọn àgbà ìgbà náà ti kú, ọmọ wọn jókòó dípò wọn. Tánti Àwá wá láti Samandin, torí mo ránṣẹ́ sí i. Ó gbé ọwọ́ tó fara pa náà lé itan. Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé ìbúra mi kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé mo gbé ọwọ́ lé ìwé mímọ́ lórí ohun tí n kò gbọ́, mo sì gba iṣẹ́ àti orúkọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Mo bẹ Tánti Àwá. Ó ní Ọlọ́run ló ni ìdájọ́, àmọ́ kí n jẹ́ kí Tìjání wá wo ẹ̀rọ òun, nítorí ó tún ti ń gbóná.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ kọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ariwo, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ irin lílù, ẹ lọ wo etí yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba ìwé, kí ẹ sì máa lọ lọ́dọọdún. Ẹ dí etí yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, bí ọ̀gá yín tilẹ̀ fẹ́ lù yín.

Alájì bi Tìjání bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wò mí, kò bínú, ó dà bí ẹni tó rẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi fọ́ òkúta, Ọ̀gá. Lójoojúmọ́ ni mò ń ro ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í búra èké. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi gbà pé n kò sọ ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí ẹní, èmi ọ̀gá rẹ̀, níwájú gbogbo wọn.